Ìwé Boethius ti Ọdún 1473

Inú ẹ̀wọ̀n ni Boethius, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù, ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ìtùnú tí ó wà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí Ọba Theodoric tó pa á ní nǹkan bí ọdún 524. Èyí tí Anton Koberger tẹ̀ ní Nuremberg lọ́dún 1473 ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Èdè Látìn àti èdè Jámánì ni ó jọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní Thomas Aquinas ló kọ àlàyé tí ó bá a rìn, òun kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè abínibí àwọn ará ìlú (iṣẹ́ tí ó le jù, lójú tèmi) kò rí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n títí di òní.