Olùkọ́ Àgbẹ̀ àti Igi Kókó Tí A Gé

Àdúgbò kan ń bẹ nínú ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Aṣáńtì, tí wọ́n ń pè ní Fante New Town. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ìtàn ni. Àwọn Fante kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Kumasi. Ará etí òkun ni wọ́n, láti Cape Coast, Anomabo àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi dé Kumasi ní ọdún 1903, ọ̀nà là fún àwọn ará etí òkun tí wọ́n ti tètè mọ ìwé láti wá ṣe akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò ní ìlú ọba Aṣáńtì. Àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí pọ̀ ní Kumasi títí di November 18, 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbé fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo wọ̀ sí Fante New Town fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà kan tí iṣẹ́ gbé mi dé Kumasi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń di ẹrù sórí alùpùpù rẹ̀: bàtà rọ́bà gígùn, àdá, ìwé àkọsílẹ̀ tí òjò ti pa, àti kúlà kékeré kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá omi tútù ni ó ń lọ tà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òògùn àjẹsára ni, èyí tí a ń kán sí adìyẹ lójú kí lúkúlúkú má baà pa á. Bí ó bá ti ibi adìyẹ kúrò, oko kókó ló kàn. Kwadaso, tí ó wà lẹ́bàá ìlú náà, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí dáadáa, nítorí ẹlẹgbẹ́ wa ni. Kò ní iyàrá ìkọ́ni, kò ní agogo, kò sì sí ìwé orúkọ tí yóò fi mọ ẹni tí kò wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì ti ń ro oko kí wọ́n tó bí i. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Tuskegee ni ó kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀kọ́ báyìí tọ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ. Ní ọdún 1906, George Washington Carver ṣètò kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ẹranko ń fà, tí a kó irinṣẹ́ oko àti irúgbìn sí, kí ó lè máa lọ láti oko dé oko. Thomas Monroe Campbell ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, òun sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà sí irú iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin yìí kan náà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ní 1944 láti wo ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wa. Ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, Africa Advancing, jáde ní 1945.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba ni ó kọ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ní kókó. Tetteh Quarshie, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn kókó Ghana, alágbẹ̀dẹ ni. Ó mú èso kókó bọ̀ láti Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Mampong ní Akuapem ní ọdún 1879. Àwọn ará Akuapem àti Krobo kó owó jọ, wọ́n ra igbó, wọ́n ń gbìn lọ síwájú. Nígbà tí ó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ kankan lágbàáyé tí ó ń kó kókó jáde tó ti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìhà tiwa. Ní Agége, J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko kókó ńláńlá. Àwọn lébìrà tí wọ́n wá láti ilẹ̀ òkè sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n di irúgbìn sápò, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Lójú tèmi, ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ó dára jù lọ tí ilẹ̀ Yorùbá ní ní ìgbà náà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní pátákó ìkọ̀wé.

Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ àgbẹ̀ ti ìjọba dé, kò bá òpè lóko. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dojú rú nìyí.

Ní ọdún 1936, a ṣàkíyèsí àrùn kan ní ìhà ìlà-oòrùn Gold Coast tí ó ń mú ẹ̀ka igi kókó wú, tí ewé ń pọ́n, tí igi sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Ní Tafo, níbi tí a ti ń ṣe ìwádìí, A. F. Posnette fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1940 pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn náà. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé kòkòrò kéékèèké kan, tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun sí i, ni ó ń gbé e láti igi dé igi. Òògùn kò sí. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí a gé igi tí ó ń ṣàìsàn, kí èyí tí ó kù lè yè.

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a pe àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ òkèèrè ní 1948 kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò àgbẹ̀. Igi tí àrùn mú kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó lè so fún ọdún kan tàbí méjì sí i. Àgbẹ̀ rí èso lórí rẹ̀, ó sì ń retí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti fi oko náà dógò, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba fi agbára òfin ti gígé náà ní 1946 àti 1947, àwọn ọ̀dọ́ alágbàṣe a yọ sí i pẹ̀lú àdá, wọn a kun igi, wọn a gé e. Owó gbà-má-bínú kéré. Ta ni yóò gbàgbọ́ pé ìwòsàn ni èyí? Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé òyìnbó fẹ́ pa kókó ilẹ̀ náà run ni.

Ìbínú yìí kò dúró lóko. Ní February 28, 1948, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn ológun-fẹ̀yìntì tí wọ́n ń wọ́de lọ sí Christiansborg ní Accra. Mẹ́ta kú, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ títí dé Kumasi. Ìgbìmọ̀ Watson, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, ka gígé igi kókó mọ́ ohun tí ó fa ìbínú àwọn ènìyàn. Wọ́n dá gígé náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní 1951, ìjọba tí Kwame Nkrumah ṣáájú yí ọgbọ́n padà: wọ́n dẹwọ́ ipá, wọ́n fi owó kún owó tí a ń san fún àgbẹ̀, wọ́n sì rán ènìyàn lọ ṣàlàyé kí àdá tó tẹ̀ lé e. Igi tí a ti gé láti 1946 ti lé ní igba mílíọ̀nù, síbẹ̀ àrùn náà kò tíì tán nílẹ̀.

Ìbàdàn pàápàá jẹ nínú rẹ̀. A rí àrùn náà ní agbègbè wa ní 1944, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ní 1946, àgbẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹgbẹ́ Máyégún dìde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì di alágbára nínú ìṣèlú Ìbàdàn títí tí Adégòkè Adélabú fi bá a da ọwọ́ pọ̀. Ní 1950, ìjọba fi ibi tí àrùn ti gbilẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n kàn ń ṣọ́ ààlà rẹ̀ ni.

Mo ti rò ó títí, ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí jù ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà láàárín. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, ó gbọ́ èdè àgbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àná ni ó wá kọ́ àgbẹ̀ bí a ti í gbin kókó. Lónìí ó tún padà wá pẹ̀lú àwọn tí yóò gé e. Èmi tí mo jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo bá gbogbo ènìyàn tí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, tí ọ̀gá ń nu òógùn. Tí ohun rere tí mo sọ ní gbogbo ọjọ́ náà sì wọ etí kan, ó gba èkejì jáde, nítorí pé ìwé ìjábọ̀ ni wọ́n ń wò lọ́wọ́ mi.

Ní ti ohun ọ̀sìn, ọ̀nà rọrùn díẹ̀. Àrùn ńlá tí ó ń pa màlúù ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, èyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣẹ́gun, ni a kéde ní 2011 pé ó ti tán lágbàáyé. Darandaran rí i pé màlúù tí a gún yè, ti aládùúgbò tí kò gbà kú. Ẹ̀rí náà wà lójú, kò sì sí ẹni tí ó pa màlúù tí ara rẹ̀ le kí ó tó fi hàn án. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀ pàápàá ti di tiwa nípa bẹ́ẹ̀: kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ adìyẹ àgíríkì yàtọ̀ sí adìyẹ ìbílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mi ti Fante New Town padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Mo bi í bí ọjọ́ ti rí. Ó ní òun kán òògùn sí ojú adìyẹ ní agbolé mẹ́rin, àwọn méjì kò gbà. Ìyá àgbà kan sọ pé ọdún tí wọ́n gé kókó bàbá òun, bàtà rọ́bà irú èyí ni ó wọ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ṣáájú wọn. Mo bi í ohun tí ó fi dá a lóhùn. Ó ní òun bọ́ bàtà náà sí ẹnu ọ̀nà, òun jókòó, òun sì bá a bó ẹ̀gẹ́ títí ó fi tán. Ó ní òun yóò tún lọ ní Ọjọ́bọ̀.