Ọjọ́ Orí àti Agbára Rédíò Alágbèéká Àtijọ́

Òpìtàn tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí rédíò alágbèéká tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ojú ibi tí atọ́ka ti ń wá ìkànnì ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí àmì kékeré onígun mẹ́ta ní 640 àti 1240, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé láàárín 1953 sí 1963 ni a ṣe é. Òfin ni ó fi àmì náà síbẹ̀. Bí ogun bá dé, ìkànnì méjèèjì yìí nìkan ni a ó ti máa sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá má baà fi ìgbì ilé-iṣẹ́ rédíò mọ̀nà. Kódà, àwọn tí Jàpáànì kó lọ tà níbẹ̀ ní àmì náà.

Agbára rẹ̀ ńkọ́? Inú ni a ó wò. Fáàfù, tí ó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́, ni àwọn àgbà ń lò. Kíá ni ó ń jẹ bátìrì tán. Regency TR-1 ti 1954 ni onítiransísítọ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ọjà, ní dọ́là 49.95. Tiransísítọ̀ wọ́n nígbà náà, nítorí náà mẹ́rin péré ni ó ní. Ohùn rẹ̀ kò sì rinlẹ̀. Mẹ́fà ni ó wà nínú Sony TR-63 ti 1957, méjì sì pawọ́ pọ̀ gbé ohùn rẹ̀ jáde.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń fi iye tiransísítọ̀ yangàn. Ẹ̀tàn sì wọ̀ ọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn kan kọ iye ńlá sójú rédíò tí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ péré ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò bá àwọn yòókù níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ohùn kò kan òmíràn nínú wọn rárá.