Àtúnṣe Tàbí Àtúnrà: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ẹ̀rọ Ilé Tó Bàjẹ́

Orúkọ ẹ̀rọ ilé kì í wọ́n Yorùbá. Rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n, tí iléeṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, náà rí orúkọ gbà, ó di amóhùnmáwòrán. Jẹnẹrétọ̀ di amúnáwá. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ. Bí ẹ̀rọ bá wá daṣẹ́ sílẹ̀, tí onílé ń rò ó bóyá kí òun tún un ṣe tàbí kí òun ra òmíràn, ọ̀rọ̀ mìíràn ló kù tó ń wá: orúkọ ẹ̀yà tó ní àrùn, irú àrùn náà, àti ìdájọ́ tó tọ́ sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atúnrédíòṣe ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ọ̀rọ̀ àyálò ló pọ̀ jù nínú orúkọ ẹ̀yà: fíúsì, kọ́ìlì, kàpásítọ̀, bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpẹ́résọ̀. Ó yẹ kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ kàpásítọ̀ di agbanápamọ́ kò ṣìnà, nítorí iná ló ń gbà pa mọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì náà ń gba iná pa mọ́, ẹni tó bá sì bèèrè agbanápamọ́ lọ́jà lè gbé ohun tí kò wá bọ̀ wálé. Kí orúkọ ẹ̀yà kúrú, kí ó sì dá dúró, ni iṣẹ́ ọwọ́ ń fẹ́. Àwọn ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn mọ èyí tipẹ́: ọ̀kọ̀ lásán ni wọ́n ń pe ohun tó ń gbé òwú kọjá láàárín òwú títa. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣètò ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ẹnu àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sì ń gbé. Ẹnu oníṣẹ́ ọwọ́ ni ti ẹ̀rọ ilé gbọ́dọ̀ ti wá.

Ibi tí Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ àrùn. Fíúsì a máa jó, wáyà a máa já, sọ́dà a máa ṣí, kàpásítọ̀ a máa wú, gáàsì fìríìjì a máa jò, búṣì fáànù a máa jẹ, irin a máa dípẹtà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti gbé díẹ̀ nínú ìdájọ́ dání. Ohun tó já ṣeé so, ohun tó ṣí ṣeé jó pọ̀ padà. Fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́, tí a ní láti fọwọ́ tì kó tó yí, kàpásítọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń ti rẹ̀. Owó kékeré ló ń gbà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn sọ ọ́ nù. Sikirín tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó bá fọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: kò ṣeé lẹ̀, owó òmíràn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tẹlifíṣọ̀n odindi.

“Jó” nìkan kò tó. Fíúsì tó jó àti bọ́ọ̀dù tó jó jìnnà síra wọn lówó, kọ́ìlì tó jó sì wà láàárín, nítorí ó ṣeé tún wé. Orúkọ ẹ̀yà gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ nígbà gbogbo. “Kú” tún léwu ju ìyẹn lọ. Oníbàárà tó ní rédíò òun ti kú ń sọ pé kò gba iná. Bí atúnrédíòṣe bá ní ó ti kú, ìdájọ́ ìkẹyìn ni. Fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń dákẹ́, dákú-dájí tí gbogbo ènìyàn fi ń bú iná mànàmáná bá a mu gan-an, ìdí rẹ̀ kì í sì í sábà ju wáyà tàbí sọ́dà tó ṣí lọ.

Ní ti ìdájọ́, “pààrọ̀” ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ní “Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ ni, mọ̀mọ́ mi,” ẹ̀yà kan ni àbí ẹ̀rọ odindi? Ó tọ́ kí a fi pààrọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yà, kí a máa pe ohun tuntun tí a fi sí i ní àfirọ́pò, kí ríra òmíràn sì jẹ́ àtúnrà, bí a ti ṣe ní àtúnṣe àti àtúntẹ̀. Àfirọ́pò náà ní ìran tirẹ̀: ojúlówó, ayédèrú, àti àlòkù tí a tú lára ẹ̀rọ mìíràn. Àlòkù ojúlówó sábà máa ń pẹ́ ju ayédèrú tuntun lọ. Tòkúnbọ̀ ni àlòkù tó ti òkè òkun dé. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná fóltì 120 ló sábà máa ń mọ̀, fóltì 230 ti Nàìjíríà sì lè jó irú èyí bí kò bá sí tiransifọ́mà.

Èyí tí àtúnṣe kò bá ràn mọ́ di kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ra irin kiri ti sọ di tilé. Ó tọ́ kí a yọ tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, nítorí òjé wà nínú dígí rẹ̀. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù olóòjé ni kí a máa pè é, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé a kì í fọ́ ọ sí àgbàlá.