Olúwa, onílẹ̀ Àpápá tí ó gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí kóòtù

Ẹni tí ó bá dúró sí Marine Beach, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti fara kan ara wọn, kò ní rí ohunkóhun tí yóò rán an létí ọba tàbí ìjòyè. Tírélà ni yóò rí, pẹ̀lú kọ̀ńténà lẹ́yìn wọn. Yóò rí afárá tí ìjọba àpapọ̀ dí apá kan rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 kí wọ́n lè tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Àpápá yìí ní olórí tirẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá tó máa gúnlẹ̀ síbẹ̀. Olúwa ni orúkọ oyè rẹ̀. Ẹjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jẹ oyè náà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni àwọn adájọ́ Kánádà àti Ọsirélíà ṣì ń tọ́ka sí.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èkó sọ pé Olófin ni ó pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ni ó di baba ńlá àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀. Arọ́mirẹ́ gba ibi tí ó fi ṣe oko ata ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọ̀jọrà gba Ìjọrà, Ọlọ́tọ̀ wà ní apá Ẹ̀búté Mẹ́ta, Olúwa sì ní Àpápá. Nígbà tí ìdílé ọba tí ó tan mọ́ Ìbíní jókòó sórí ìtẹ́, wọn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ. Orí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti Arọ́mirẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ààfin Ìga Ìdúngànrán sí. Ọba ní adé, àwọn Ìdẹ́jọ ní ilẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ dáko tàbí kọ́lé sí ilẹ̀ wọn yóò tọ olórí ẹbí lọ.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú àṣẹ kékeré bẹ́ẹ̀ ti wà. Ní agbègbè Kathiawar ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ìjọba tí ó ju igba lọ ni ó wà lábẹ́ ojú Gẹ̀ẹ́sì, abúlé kan tàbí méjì péré sì ni àwọn mìíràn nínú wọn. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ìjọba wọ̀nyí pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè náà. Owó ọdọọdún tí wọ́n ń san fún àwọn ọba tí ó ti fi ìjọba sílẹ̀ náà dópin ní ọdún 1971, àwọn ìlú mìíràn sì padà di abúlé lásán. Ṣùgbọ́n àwọn ọba Íńdíà ní ohun kan tí Olúwa kò ní: Gẹ̀ẹ́sì ti kọ orúkọ ìjọba wọn sínú ìwé. Ní ti Olúwa, àṣà àti ẹ̀rí ẹnu àgbà nìkan ni ìwé ilẹ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ǹjẹ́ ilẹ̀ àwọn Ìdẹ́jọ bá a lọ? Ọba kò ṣáà lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ṣùgbọ́n èrò àwọn aláṣẹ nígbà náà yàtọ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba lo òfin ilẹ̀ ti ọdún 1903 láti gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Òfin náà sọ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Àmọ̀dù Tìjánì, tí ó wà lórí oyè Olúwa, béèrè owó gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn ilé ẹjọ́ tí ó wà nílé kò gbà fún un. Wọ́n ní àṣẹ láti ṣàkóso ilẹ̀ àti láti gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní, nítorí náà owó ohun tí ó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìṣákọ́lẹ̀ ni kí wọ́n san. Bí ẹni ń sọ fún baálé pé kò ní ilé, pé owó ilé nìkan ni ó ń gbà.

Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní ọdún 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ dání, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i. Ọ̀pá yìí dá wàhálà sílẹ̀ nílé. Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ bí ẹni pé Ẹlẹ́kọ ni ọba àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn Nàìjíríà, inú sì bí ìjọba. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ rán alágogo kiri ìlú láti kéde pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹlẹ́kọ kọ̀ láti rán alágogo. Ní ọdún 1920 kan náà, ìjọba kéde pé àwọn kò kà á sí ọba mọ́. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di 1931 kí ó tó padà sí Èkó. Ó wàjà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Èkó.

Ní oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo bí a ṣe ń ní ilẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹbí àti àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, olórí wọn ń bójú tó o lórúkọ gbogbo wọn. Ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé bí àkóso ìlú bá tilẹ̀ yí padà, ohun ìní àwọn ará ìlú kò gbọdọ̀ yí padà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, owó gbogbo ẹ̀tọ́ tí àwùjọ náà ní lórí ilẹ̀ ni kí ìjọba san, kì í ṣe owó ìṣákọ́lẹ̀. Pọ́ùn 22,500 ni owó náà já sí. Lójú àwọn ará Èkó, owó kọ́ ni ìròyìn ayọ̀ náà, bí kò ṣe pé onífìlà funfun kan borí ìjọba ní ilé ẹjọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, Olúwa jàre ẹjọ́, ilẹ̀ sì lọ. Ní ọdún 1926 wọ́n parí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, LEDB, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í la Àpápá fún ilé gbígbé àti ilé iṣẹ́. Àwọn tí ó ń ru ẹrù ní èbúté kò rí ilé gbà níbẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà lọ, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn, títí tí ibẹ̀ fi kún dẹ́múdẹ́mú.

Ìdájọ́ náà rìn jìnnà ju ọkọ̀ tí ó gbé Olúwa lọ. Nígbà tí àwọn Nisga'a, onílẹ̀ àtayébáyé ní British Columbia, pe ẹjọ́ ilẹ̀ wọn tí wọ́n dá ní 1973, ẹjọ́ Àmọ̀dù Tìjánì wà lára èyí tí adájọ́ Kánádà gbé yẹ̀ wò. Ní 1992, ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà tún lò ó nínú ẹjọ́ Eddie Mabo àti àwọn ará erékùṣù Mer. Ìdájọ́ yẹn ni ó fòpin sí irọ́ pé ilẹ̀ Ọsirélíà kò ní ẹni tí ó ni ín kí òyìnbó tó dé.

Nílé ńkọ́? Òfin ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, ó sì fi èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ báyìí, owó ilé, irè oko àti iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe sórí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san. Ní ti ilẹ̀ gan-an, kò ju ìwọ̀n owó-ilẹ̀ tí onítọ̀hún san lọ́dún náà. Ohun tí Haldane kọ̀ fún àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní 1921, àwọn ológun Nàìjíríà fi òfin kan ṣoṣo mú un wá sílé.

Ìdílé Olúwa ṣì wà, oyè náà sì ṣì wà láàárín àwọn onífìlà funfun Èkó. Nígbà tí ìjọba fi èbúté Àpápá lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2006, wọ́n ṣàlàyé ètò tuntun náà pé àwọn ilé iṣẹ́ náà ni yóò máa já ẹrù, àjọ tí ń ṣàkóso èbúté, NPA, ni yóò sì jẹ́ onílẹ̀.