Iyọ̀ Òyìnbó, Àgbáyun àti Ewé Eéran: Ìtàn Adùn fún Alátọ̀gbẹ

Iyọ̀ òyìnbó ni àwọn baba wa ń pe ṣúgà láyé àtijọ́. Orúkọ náà fi hàn pé àlejò ni ó jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Oyin àti ìrèké ni a mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀ sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀: títọ̀ títí ara fi gbẹ. Ìbéèrè tí ó wà níwájú alátọ̀gbẹ lónìí ni èyí: ṣé ṣúgà ni kí òun fi sí tíì, tàbí adùn àtọwọ́dá?

Ní 1879 ni Constantin Fahlberg ṣàwárí saccharin ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Baltimore. Ní 1965, James Schlatter ṣàwárí aspartame. Àwọn méjèèjì kò wá adùn rárá. Ọwọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ni ó kan ẹnu wọn.

Ṣùgbọ́n igbó tiwa ti ní adùn tirẹ̀ ṣáájú wọn. Ní 1725, Chevalier des Marchais, ará Faransé, rí i pé àwọn ènìyàn etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń jẹ àgbáyun kí wọ́n tó jẹ ohun kíkan. Ní 1852, William Freeman Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé wọ́n ń fi í jẹ oúnjẹ àgbàdo tí ó ti kan, wọ́n sì ń fi í mu ẹmu kíkan. Ní 1855, ó kọ̀wé lórí èso ewé eéran, ewé kan náà tí àwọn ìyá wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Thaumatococcus daniellii ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ewé náà. Orúkọ Daniell ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1972 ni a yọ thaumatin jáde láti inú èso rẹ̀, adùn tí ó ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 ó kéré tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe sọ àwọn èso wọ̀nyí di oògùn àtọ̀gbẹ. Àgbáyun fúnra rẹ̀ kò dùn púpọ̀. Ahọ́n ni ó ń tàn jẹ tí ohun kíkan fi ń dùn. Kò lè tan ẹ̀jẹ̀ jẹ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe gbára lé adùn tí kì í ṣe ṣúgà láti fi dín ìwọ̀n ara kù. Ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tí ó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Adùn àtọwọ́dá nínú tíì kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bí ṣúgà ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní rẹ̀ bí a bá yọ ṣúgà nínú tíì, tí a sì jókòó ti òkìtì iyán? Iyán, ẹ̀bà àti àmàlà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ṣúgà gidi náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí oògùn bá fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, tí òógùn bo aláìsàn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, iyọ̀ òyìnbó tí a ń sá fún ni yóò gbà á. Adùn àtọwọ́dá kò ní lè ṣe é. Nítorí náà, kí alátọ̀gbẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.