Bí Sòbìà Bá Fẹ́ Degbò

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Bí sòbìà bá fẹ́ degbò, olúgàǹbe là ń ké sí," wọ́n sì fi ń kọ́ni pé bí ọ̀ràn bá le tán, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yanjú ni kí á wá lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Lánlátẹ̀ tí ń pa òwe yìí lónìí kò fi ojú kan sòbìà rí. Ṣùgbọ́n ní Ìbàràpá méje, ìgbà kan wà tí ẹranko yìí ń dá àgbẹ̀ paraku dùbúlẹ̀ sórí ẹní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn onímọ̀ ìlera Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti tẹ̀dó sí Igbó-Ọrà láti ọdún 1963, sì ń bá a lọ sí Ìdèré láti wádìí rẹ̀ fínnífínní. Mo pè é ní ẹranko: ohun tí ó ní akọ tí ó ní abo, tí ń jẹ, tí ń rìn, tí ń bímọ, ẹranko ni, bí kò tilẹ̀ ní eegun kan ṣoṣo lára.

Inú ọ̀gọ̀dọ̀ ni ayé rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni ọmọ sòbìà lè lò nínú omi, àfi bí kòkòrò omi kan, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í fi í tètè rí i, bá gbé e mì. Nínú kòkòrò yìí ni yóò ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì dàgbà. Nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ ará oko, tí ó bu omi náà mu, omi kíkan inú àpòlúkù, èyí tí Elédùmarè fi jíǹkí wa láti lọ oúnjẹ, a pa kòkòrò, a sì tú ọmọ sòbìà sílẹ̀, òun náà a dá ìfun lu, a bọ́ sínú ẹran ara. Ní ìwọ̀n oṣù mẹ́ta, akọ àti abo a pàdé. Akọ, tí kò gùn tó ìka ọwọ́, a kú, abo a sì máa gùn títí yóò fi tó mítà kan. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí abo yìí ti ń gbó ni ìfun tirẹ̀ ń rọ, tí ilé ọmọ ń gba gbogbo ara rẹ̀, tí àìmọye ọ̀kẹ́ ọmọ yóò fi kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń wọ́ lọ. Níbẹ̀ ni ìléròrò yóò ti yọ, tí yóò máa jóni. Aláìsàn a ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú, ìléròrò a bẹ́, sòbìà a sì da ọmọ rẹ̀ sínú omi tí ará ilé yóò pọn mu. Òùngbẹ wa ni ó bá wọlé, ìrora wa ni ó bá jáde, nǹkan bí ọdún kan tí ó sì fi sá pamọ́ sínú ara ni ó ń gbé e dé ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, nígbà tí omi ti fà, tí gbogbo ìlú ń rọ́ lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà.

Ta ni yóò wá rántí omi tí ó mu ní èṣí? Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Abájọ tí àwọn kan ní Ìdèré fi gbà pé inú ara olúkúlùkù ni sòbìà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná, Olóde, ọba ilẹ̀ gbígbóná. N kò bá wọn wí. Wọ́n ń ká sòbìà tí ó ń jáde mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá já sínú ara, wàhálà dé. Ohun tí ojú wọn tó ni wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, olúgàǹbe inú òwe yìí fi ọdún kan pẹ́ dé. Kò sí oògùn tí ń pa sòbìà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Etí omi ni wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ asẹ́, kànga tí a gbẹ́, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí ó ń ṣe má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi mímu. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí ó ń ṣe lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Enugu ni wọ́n ti rí èyí tí ó kẹ́yìn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 pé kò sí mọ́ ní orílẹ̀-èdè wa.