Láti Kainji dé orí òrùlé Ìyá Àgbà: ìtàn iná ọba, láti ẹnu ọmọ Ìjàrà-Ìsin

1/ Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ẹbí wa. Ṣé ká ra sólà sílé Ìyá Àgbà ní Ìjàrà-Ìsin ni, àbí ká fi owó náà kún èyí tí àdúgbò ń dá láti ra tiransifọ́mà? Wọ́n ní kí èmi "graduate" lọ wádìí. Mo wádìí o, ìtàn ni mo bá bọ̀. Ẹ jókòó.

2/ Nǹkan bí 1896 ni iná mànàmáná dé Èkó. Ta ni wọ́n tàn án fún? Ìjọba òyìnbó àtàwọn tó ń gbé nítòsí wọn. Ní 1929, wọ́n dá iléeṣẹ́ NESCO sílẹ̀ lápá Jos. Omi tó ń já látorí àpáta ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ, kí àwọn tó ń wa kùsà níbẹ̀ lè rí iná lò. Torí náà, iná tí kò nílò epo tàbí gáàsì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà.

3/ Ní 1950, òfin dá ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná. Ní 1962, wọ́n tún dá NDA sílẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti sé odò Ọya fún iná. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kainji ní 1964, Gowon sì ṣí i ní February 1969.

4/ Apá yìí ló yà mí lẹ́nu. Ìpínlẹ̀ wa ni Kainji wà nígbà yẹn! Kwara ni Borgu wà títí di 1991 tí wọ́n gbé e lọ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Èèyàn tó lé ní 40,000 ló ṣí kúrò nílé torí omi yẹn. Ìlú Bussa àtijọ́ rì pátápátá, wọ́n ní láti kọ́ New Bussa. Iná yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, àwọn kan fi ilé bàbá wọn san án.

5/ Ní 1972, wọ́n pa ECN àti NDA pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di NEPA. Jẹ́bà tẹ̀ lé e ní 1985. Omi kan náà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kainji ló ń ṣàn wá yí ẹ̀rọ Jẹ́bà, ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti Jẹ́bà, wáyà ńlá gba orí ilẹ̀ Kwara kọjá lọ sí Òṣogbo. Ìyá Àgbà ní ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn, òun nu àtùpà òun, òun gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ tó fi gbé e jáde padà.

6/ Ṣé odò ló gbẹ ni? Rárá. Láàárín odò àti gílóòbù, wáyà wà níbẹ̀, tiransifọ́mà wà níbẹ̀, àtúnṣe wà níbẹ̀, owó náà sì wà níbẹ̀. Èèyàn ń pọ̀ sí i, àtúnṣe kò tó. Kálukú bá lọ ra "I better pass my neighbour". Ẹ wo orúkọ tí a fún jẹnẹrétọ̀ ná!

7/ Òfin 2005 sọ NEPA di PHCN, ó ní kí wọ́n pín in sí iléeṣẹ́ 18: mẹ́fà ń pèsè iná, ọ̀kan ń gbé e kiri, 11 ń pín in fún wa. Ní November 1, 2013, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Èyí tó ń gbé iná kiri, TCN, ṣì jẹ́ ti ìjọba. Lẹ́nu wa ṣá, NEPA ni gbogbo wọn.

8/ Báwo ni ọjà iná ṣe rí? Ẹ rò ó bí ọjà iṣu. Àgbẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó ń pèsè, TCN ni ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn apíniná sì ni alájàpá. Bí owó alájàpá kò bá pé, àgbẹ̀ kò ní rí owó gáàsì san, gáàsì ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa báyìí. Iná kò sì ṣeé kó sáká bí iṣu. Nàìjíríà ní ẹ̀rọ tó tó 13,000 megawatt, àmọ́ èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í sábà kọjá 5,000, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù.

9/ Ní 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Jálá tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480. Ní April 2024, iná Band A kúrò ní nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ni sólà wá gbòde. Kì í ṣe torí ojú ọjọ́ o, torí àpò ni.

10/ Ọ̀nà kẹta tún wà. Ní abúlé Gbamu Gbamu, Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ṣí iná oòrùn tí gbogbo abúlé jọ ń lò ní 2018, 85 kilowatt. Òfin 2023 sì ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn. Èkìtì, aládùúgbò wa, àti Oǹdó ti gbà á ní 2024.

11/ Èsì mi sí ẹbí rèé. Ẹ ra sólà kékeré fún Ìyá, kí wọ́n rí gílóòbù àti fáànù lò. Àmọ́ ìyẹn kò lè yí ẹ̀rọ ata Màmá tó wà lójúlé kejì, kò sì lè gbé iṣẹ́ wẹ́dà. Bí gbogbo ẹni tó lówó bá lọ ra tiẹ̀, ta ló máa kù tí yóò máa tún wáyà gbogbogbò ṣe? Ẹ dá owó tiransifọ́mà náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè: orúkọ ta ló máa wà nínú ìwé? Bó bá jó, ta ló máa tún un ṣe? Ẹ sì bi ìlú léèrè bóyá a lè ṣe bíi ti Gbamu Gbamu.

12/ Bùọ̀dá mi àgbà ti kà á láti àárọ̀, kò tíì fèsì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ní ìlú tiyín, ta ló ra tiransifọ́mà? Ẹ bi àwọn àgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí.